Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún

Ní Sábọ́n Gàrí, Sáríà, lọ́dún tí ọyẹ́ kọ̀ tí kò lọ,
mo jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, láàárín táyà kẹ̀kẹ́,
mo ń pín múdù ẹ̀pà mẹ́ta fún èèyàn mọ́kànlá
nínú ìwé, kì í ṣe lọ́wọ́.
Ẹ̀rọ ìṣirò tí mo yá lọ́dọ̀ Ládìídì dáhùn:
òdo, ààmì, méjì, méje, méjì, méje, méjì, méje,
títí ojú gíláàsì rẹ̀ fi kún.
Ó dákẹ́, àmọ́ mo mọ̀ pé kò tíì parí ọ̀rọ̀.
Bí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá lóru ni:
o ń ka táńkì epo kọ̀ọ̀kan,
oorun á gbé ọ lọ, wọ́n á ṣì máa kọjá.

Inú bí mi. Ẹ̀pà gidi a máa tán.
Àwọn mọ́kànlá ti jẹ ẹ́, wọ́n ti nu ẹnu,
kí ló wá dé tí òǹkà rẹ̀ ò tán?

Lọ́jọ́ kejì, Màláàmà Ràhílà mú ṣọ́ọ̀kì.
Obìnrin Káje ni, ohùn rẹ̀ kì í ga.
"Ẹ má lé e," ó ní. "Ohun tí kò lópin, ẹ ò lè bá a.
Ẹ wá ìbejì fún un, kí àwọn méjèèjì jọ máa sáré."
Ó sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún:
mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fò síwájú ààmì,
ìrù ẹ̀yìn ò sì kúrú, méjì, méje, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.
Ó to ti àkọ́kọ́ sábẹ́ rẹ̀, ìrù kọjú sí ìrù,
ó yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú tòkè.
Gbogbo eruku yẹn!
Ó gbọn ọwọ́, kò ku nǹkan kan lẹ́yìn ààmì.

Ó wá wò mí, èmi ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo lórí bẹ́ńṣì wa.
"Ọgọ́rùn-ún, a yọ ẹyọ kan. Kí lẹ ń pè é nílé yín?"
Mo dìde. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi:
mọ́-kàn-dín-lọ́-gọ́-rùn-ún.
Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, lédè Haúsá,
àádọ́rùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ,
wọ́n á wá fi mẹ́sàn-án lé e lórí bíi bíríkì.
Tiwa á dé òkè ná,
á wá sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀.
Láti ìgbà tí mo ti ń bá bàbá mi ka owó
ni ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi, tí mo ń gbé e mì.

A fi mẹ́sàn-án pín òkè, a fi pín ìsàlẹ̀:
mẹ́ta nínú mọ́kànlá.
Múdù mẹ́ta, ẹni mọ́kànlá. Ibi tí a ti gbéra lánàá.

Lálẹ́ mo ṣe é fún bàbá mi lẹ́yìn páálí túùbù.
Ó fọwọ́ nu gíríìsì sára ṣòkòtò.
"Bó bá wá jẹ́ mẹ́sàn-án nìkan ńkọ́?
Mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, tó ń sún mọ́ ọ̀kan tí kò dé ibẹ̀?"
Mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, mo yọ ẹyọ kan,
ìlọ́po mẹ́sàn-án rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án.
Ọ̀kan ni, bàbá. Odindi ọ̀kan.
Ó ní irọ́ ni. Ó ní nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù,
bó ti wù kó kéré mọ.
Mo ní kó fi hàn mí.

Ó wo páálí náà títí,
ọkùnrin tó ti ń sọ pé "lọ́dún tó ń bọ̀, Ọ̀ffà"
kí wọ́n tó bí mi,
tí ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún ku páànù díẹ̀, ku ilẹ̀kùn kan, ku ọ̀dà.
Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè sí Ládìídì, tó wá gba ẹ̀rọ rẹ̀,
ó sì sọ fún un, ní Haúsá tó dán ju tèmi lọ,
pé kó wọlé, kó jókòó, ẹ̀pà wà.